Dátà erùpẹ̀ nínú mọ́dẹ̀lì odò: bí àkùrọ̀ ò ṣe ní bọ́ sọnù lọ́wọ́ yín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá kọ̀ǹpútà jà lórí ọ̀rọ̀ odò àti omíyalé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ erùpẹ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi torí èmi náà ti jìyà ẹ̀. Nígbà kan mo kọ́ mọ́dẹ̀lì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń fara wé bí odò ṣe ń kún, fún odò kékeré kan níbí l'Óṣogbo, irú odò tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé àwọn èèyàn kọjá kó tó lọ já sínú Ọ̀ṣun, mo to gbogbo nǹkan síbẹ̀ dáadáa, dátà òjò wà ńbẹ̀, gíga ilẹ̀ wà ńbẹ̀, àwòrán sátẹ́láìtì tó fi ilé àti oko hàn wà ńbẹ̀, erùpẹ̀ nìkan ni mi ò kà sí, mo kàn lọ dáńlóòdù èyí tí wọ́n ṣe fún gbogbo ayé, mo jù ú sí i. Òjò kan wá rọ̀, mọ́dẹ̀lì ní odò ò ní kún dé ìdajì afárá, àwọn ará àdúgbò sì ti ń gbé fìríìjì sórí tábìlì.

Nígbà tí mo padà yẹ̀ ẹ́ wò, erùpẹ̀ kan ṣoṣo ni mọ́dẹ̀lì mi mọ̀ láti orí òkè títí dé àkùrọ̀ tí wọ́n ti ń gbin tẹ̀tẹ̀. Ìyá tó ń gbin ẹ̀fọ́ ńbẹ̀ ì bá ti sọ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ pé ilẹ̀ yẹn kì í gbẹ, pé tójò bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì léra wọn, kò sáyè omi mọ́ nínú ẹ̀, gbogbo èyí tó bá tún rọ̀ lé e lórí, àgbàrá ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání bẹ́ ẹ ṣe ń ka eléyìí nìyẹn. Àkùrọ̀ kì í gba ilẹ̀ púpọ̀, àmọ́ kì í pẹ́ sọ òjò di àgbàrá, ẹ̀gbẹ́ odò gan-an ló sì wà. Gbogbo ìgbésẹ̀ tá a máa gbé pátá ló ní ọ̀nà tó fi lè gbé e sọnù láì jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Máàpù lè gbé e sọnù, ìṣirò lè gbé e sọnù, sọ́fíwià gan-an lè gbé e sọnù, ẹ ò ní rí ẹ́rọ̀ kankan lójú kọ̀ǹpútà.

SWAT, sọ́fíwià tó ń ṣírò bí omi òjò ṣe ń rìn látorí ilẹ̀ dé inú odò, ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ, ọ̀fẹ́ ni, QSWAT tá a fi ń to dátà fún un sì ń ṣiṣẹ́ nínú QGIS, sọ́fíwià máàpù tóun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá ń lo HEC-HMS, sọ́fíwià odò míì, kó mú ibi tó bá kàn án. Nígbà tí mo bá sì ní wọ́táṣẹ́ẹ̀dì, gbogbo ilẹ̀ tójò bá rọ̀ sórí ẹ̀ tí omi ẹ̀ ń wọ́ gba ojú kan náà jáde ni mò ń sọ.

1. Kí lẹ fẹ́ mọ̀ gan-an?

Tó bá jẹ́ bí odò ṣe máa kún lọ́jọ́ òjò ńlá lẹ ń wá, bí erùpẹ̀ ṣe ń yára mumi ni ẹ máa dojú kọ. Tó bá jẹ́ bóyá omi á ṣẹ́ kù nínú odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, jíjìn erùpẹ̀ àti iye omi tó lè dì mú ló ṣe kókó. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ tó ń lọ kún inú ìsédò bíi ti Erinlẹ̀ ló ń dùn yín, ẹ máa nílò iye yanrìn, iye amọ̀, òkúta wẹ́wẹ́ àti ọ̀rá ilẹ̀. Mo ń sọ èyí torí dátà erùpẹ̀ tó kún dáadáa máa ń ní kọ́lọ̀mù tó lé ní ọgọ́rùn-ún, tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ tọ́jú gbogbo ẹ̀ bákan náà, àárẹ̀ á mú yín kẹ́ ẹ tó débi tó yẹ kẹ́ ẹ ti láágùn.

2. Níbo ni máàpù wà?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti ṣe é débi tó lápẹẹrẹ. Ní Amẹ́ríkà, àjọ NRCS tó wà lábẹ́ iléeṣẹ́ ìjọba wọn fún iṣẹ́ àgbẹ̀ ní dátà kan tó ń jẹ́ SSURGO, 1:12,000 sí 1:24,000 ni wọ́n ya ọ̀pọ̀ ẹ̀. Mìlímítà 1 lórí 1:24,000 jẹ́ mítà 24 lórí ilẹ̀, ìyẹn ni pé àkùrọ̀ tó fẹ̀ ní mítà 100 á hàn ketekete. Wọ́n tún ní STATSGO2 tó jẹ́ 1:250,000, èyíun ò kúná tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Tiwa ńkọ́? Lápá ọ̀dọ̀ wa níbí, iṣẹ́ tí Smyth àti Montgomery ṣe lórí erùpẹ̀ àárín Western Nigeria ayé ìgbà yẹn, tí wọ́n tẹ̀ n'Íbàdàn lọ́dún 1962, ṣì lọ̀gá lójú tèmi. 1:250,000 ni máàpù ẹ̀, mìlímítà 1 jẹ́ mítà 250. Àwọn ni wọ́n fi orúkọ ìlú wa sọ erùpẹ̀ lórúkọ, Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Àpòmù, Òkè-Ìmẹ̀sí, Itagunmodi. Tẹ́ ẹ bá wá gbọ́ pé Ìwó wà l'Óṣogbo, ẹ má rò pé wọ́n fi típà kó o wá o, bí obìnrin kan ṣe máa ń jẹ́ Ìyá Ìbàdàn l'Éjìgbò náà ni. Ìdílé Ìwó jẹ́ ti ilẹ̀ tó jáde lára òkúta gíránáìtì oníhóró ńláńlá, Ẹ̀gbẹ́dá ti òkúta tí hóró ẹ̀ kúná, Òkè-Ìmẹ̀sí ti òkúta funfun líle yẹn, Itagunmodi sì ni ilẹ̀ pupa alámọ̀ tó wúwo.

Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní FDALR náà ṣe ti gbogbo Nàìjíríà lọ́dún 1990, 1:650,000. Mìlímítà 1, mítà 650. Àkùrọ̀ wa ti sọnù nìyẹn, a ò tíì tan kọ̀ǹpútà.

Èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni SoilGrids ti ISRIC, mítà 250 ni píksẹ́lì ẹ̀, ìyẹn àpótí kọ̀ọ̀kan tó ní nọ́ńbà tiẹ̀, ó ní ìpele mẹ́fà títí dé sẹ̀ǹtímítà 200, iSDAsoil wà fún Áfíríkà nìkan, mítà 30, àmọ́ ìpele méjì péré ló ní, sẹ̀ǹtímítà 0 sí 20 àti 20 sí 50. HWSD ti FAO àti IIASA jẹ́ kìlómítà 1. Ẹ má jẹ́ kí mítà 30 yẹn wọ̀ yín lójú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹnì kankan ò gbẹ́ ihò sínú píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ló fojú bù ú látara ibi tí wọ́n gbẹ́ ní ibòmíì. Máàpù 1962 rí gàdàgbà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ èèyàn tẹ ilẹ̀ ẹ̀. Mo máa ń lo méjèèjì, máàpù àtijọ́ fún irú erùpẹ̀ tó wà ńbẹ̀, ti íntánẹ́ẹ̀tì fún kíkún àwọn àlàfo nọ́ńbà.

3. Agbo ilé, ìdílé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, torí náà mo fẹ́ dúró díẹ̀.

Ibi kọ̀ọ̀kan tí wọ́n fi ààlà yí ká lórí máàpù erùpẹ̀, ẹ wò ó bí agbo ilé. Orúkọ kan ló wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọlé á bá ìdílé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ńbẹ̀, ìdílé kọ̀ọ̀kan sì ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tiẹ̀, àfi pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì eléyìí ìsàlẹ̀ ló ń kọ́ lọ. Nínú SSURGO, agbo ilé ni map unit, ìdílé ni component, ìpele inú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni horizon. Nọ́ńbà tó ń jẹ́ mukey ló so agbo ilé mọ́ ìdílé, cokey ló so ìdílé mọ́ ìpele. Àpótí comppct_r máa sọ fún yín pé ìdílé yìí gba ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún agbo ilé, àmọ́ kò ní sọ ibi tó wà nínú ẹ̀. Association, ìyẹn agbo ilé inú máàpù 1962, náà bẹ́ẹ̀ ló rí, Ìwó tí wọ́n kọ sórí ẹ̀ ti kó Ìwó fúnra ẹ̀, Àpòmù àti erùpẹ̀ àkùrọ̀ bíi Jago mọ́ra.

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń ṣe ni kí wọ́n mú ìdílé tó pọ̀ jù kí wọ́n ju ìyókù nù. Bí àkùrọ̀ bá jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti lọ nìyẹn. Àwọn míì rò pé àwọn gbọ́n, wọ́n á ní àwọn á dá gbogbo ẹ̀ pọ̀ kí wọ́n mú ìwọ̀n àárín. Ẹ wo bó ṣe ń ṣini lọ́nà: ká ní ìdá 85 ilẹ̀ yẹn lè mu mìlímítà 40 ní wákàtí kan, àkùrọ̀ tó jẹ́ ìdá 15 lè mu 1 péré. Ìwọ̀n àárín ẹ̀ jẹ́ 34. Òjò tó ń rọ̀ ní mìlímítà 30 ní wákàtí wá dé, mọ́dẹ̀lì tó mọ 34 á ní gbogbo omi ti wọlẹ̀, kò ságbàrá rárá. Lójú ayé, ìdá 15 yẹn ń da mìlímítà 29 nínú 30 sínú odò ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Erùpẹ̀ tó ń mu 34 yẹn ò sì sí níbì kankan nínú gbogbo ilẹ̀ náà, ìṣirò ló bí i.

Torí náà, ẹ má ṣe da ìdílé pọ̀ mọ́ra. Ìpele náà, ẹ má ṣe pò ó pọ̀, SWAT gba tó ìpele mẹ́wàá fún erùpẹ̀ kan, ẹ fún un ní gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá ní.

4. Kí máàpù jókòó síbi tó yẹ kó jókòó

Èyí kúrú àmọ́ ó ti ba iṣẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́. Òṣogbo wà ní ẹkùn 31N nínú UTM, ètò tí wọ́n fi pín ayé fún máàpù, nọ́ńbà ẹ̀ nínú sọ́fíwià sì ni EPSG:32631 tẹ́ ẹ bá ń lo WGS84, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n tí GPS ń lò. Máàpù àtijọ́ Nàìjíríà, ìpìlẹ̀ ìwọ̀n míì (datum) tó ń jẹ́ Minna ni wọ́n fi ṣe é, tẹ́ ẹ bá ka nọ́ńbà ipò ojú ẹ̀ bí WGS84, gbogbo nǹkan á sún tó nǹkan bíi 100 mítà. 100 mítà yìí tó láti gbé àkùrọ̀ gun orí òkè. Tẹ́ ẹ bá ti skánì ìwé náà, ẹ wá ibi tó dájú tẹ́ ẹ lè fi so ó mọ́lẹ̀, ibi tí odò méjì ti pàdé dáa ju oríta títì lọ, títì ti yí padà láti 1962, odò ò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan.

5. Ẹ fọ́ agbo ilé sí ìdílé

A ti ní máàpù tó sọ pé Ìwó, a sì mọ̀ pé mẹ́ta ló wà nínú ẹ̀, báwo la ṣe fẹ́ mọ ibi tí ìkọ̀ọ̀kan wà? Ọlọ́run ṣe é, erùpẹ̀ ọ̀dọ̀ wa níbí máa ń tẹ̀ lé òkè bọ̀ wálẹ̀ ni. Lórí òkè àti ibi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ máa bá Ìwó, erùpẹ̀ pupa tó ní òkúta wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkè, ibi tí àgbàrá ti ń kó yanrìn wá dà sí láti ọjọ́ pípẹ́, Àpòmù ni, yanrìn tó jìn. Ibi pẹrẹsẹ létí odò, àkùrọ̀, ni Jago àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀.

Ẹ dáńlóòdù DEM, ìyẹn máàpù gíga ilẹ̀, ti mítà 30, SRTM tàbí Copernicus. Ẹ ṣe ìṣàn omi lórí ẹ̀, ẹ yọ ojú odò jáde, kẹ́ ẹ wá ṣe lẹ́yà tí wọ́n ń pè ní HAND, tó ń sọ pé ibi kọ̀ọ̀kan fi mítà mélòó ga ju ojú odò tó sún mọ́ ọn lọ. Kò sí nọ́ńbà kan tí mo lè fún yín pé ibí ni àkùrọ̀ parí sí, ẹni tó bá fún yín ń tàn yín. Ẹ bọ́ sínú bàtà òjò, ẹ rìn láti orí òkè lọ sí odò ní ojú ibi mẹ́ta tó yàtọ̀, ẹ tan GPS fóònù, ibi tí àwọ̀ ilẹ̀ bá ti yí padà kẹ́ ẹ ṣàmì sí i. Ẹ délé, ẹ wo iye HAND ní àwọn àmì yẹn, ibi tí wọ́n bá ti ń bára wọn mu ni ẹ máa fà ní ààlà. Ọjọ́ méjì péré ni, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ìdí kọ̀ǹpútà lọ.

6. Ọkọ́, díígà àti òrùka irin

Ẹ máa gbẹ́ ilẹ̀. Kò sọ́nà àbáyọ. Ó kéré tán, ihò kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan, méjì dáa jù. Ẹ kọ́kọ́ gbàyè lọ́wọ́ onílẹ̀ àti baálé àdúgbò, ẹ ṣàlàyé pé ẹ ò wá wúrà, torí bí nǹkan ṣe rí ní ìpínlẹ̀ wa báyìí, ẹni tó bá rí èèyàn pẹ̀lú díígà létí odò ò ní rò ó ní rere. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ sínú ogún àgbáyé lọ́dún 2005, ẹ má gbé irin wọ ibẹ̀, ẹ wo ìta.

Gbẹ́ ẹ dé mítà 1 ó kéré tán, tí yangí líle ò bá tíì dá ọ dúró. Tó bá dá ọ dúró, kọ ibi tó ti dá ọ dúró sílẹ̀, torí ìyẹn gan-an jẹ́ dátà, bóyá òun tiẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù. Nu ojú ihò náà pẹ̀lú ọ̀bẹ, na tẹ́ẹ̀pù sí i, ya fọ́tò. Wo ibi tí àwọ̀ ti yí padà àti ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní àkùrọ̀, wo ibi tí erùpẹ̀ ti di aláwọ̀ eérú tó ní tóótòòtó pupa bí irin tó dípẹtà, àmì pé omi máa ń gòkè débẹ̀ ní ìgbà òjò nìyẹn, ì báà jẹ́ oṣù kìíní lẹ gbẹ́ ẹ tó gbẹ táútáú.

Ẹ bu erùpẹ̀ ìpele kọ̀ọ̀kan sínú náílọ̀n, ó tó kílò kan, kẹ́ ẹ kọ orúkọ sí i níta àti nínú, torí bírò máa ń parẹ́. Láàbù á fún yín ní yanrìn, amọ̀, kábọ́ọ̀nù. Fún bó ṣe kì pọ̀ tó, ẹ gún òrùka irin kékeré wọlẹ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan, èyí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 tó ga ní 5 máa gba erùpẹ̀ bíi 98 cm³ nínú. Wọ́n á yan án nínú ààrò láàbù ní 105 digíríì mọ́jú, tó bá wọn 141 gíráàmù lẹ́yìn ìyẹn, 141 pín sí ọ̀nà 98 jẹ́ 1.44, òun lẹ máa kọ sí SOL_BD, àpótí SWAT fún bí erùpẹ̀ ṣe kì tó.

Bí ilẹ̀ ṣe ń mumi náà ẹ lè wọ̀n ọ́n fúnra yín. Wẹ́dà ẹ̀gbẹ́ títì lè gé òrùka méjì fún yín lára páìpù tàbí dúrọ́ọ̀mù, ọ̀kan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, èkejì bíi 60. Ẹ kan wọn mọ́lẹ̀, kékeré nínú ńlá, ẹ pọnmi sínú méjèèjì, ti inú nìkan lẹ máa kà, èyí tó wà níta kàn ń ṣọ́ kí omi inú má sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni. Ẹ máa kà á títí tí ìyára ẹ̀ ò fi ní yí padà mọ́, ó lè tó wákàtí méjì mẹ́ta. Omi á lọ púpọ̀ o, ẹ má lọ pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì kan.

7. Nọ́ńbà tí láàbù ò fún yín

Láàbù ò ní fún yín ní SOL_AWC, ìyẹn iye omi tí erùpẹ̀ lè dì mú fún irúgbìn, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, owó ẹ̀ gọbọi. Fómúlà Saxton àti Rawls ti 2006 lè fi yanrìn, amọ̀ àti ọ̀rá ilẹ̀ bù ú, sọ́fíwià SPAW máa ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, erùpẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe fómúlà yẹn. Amọ̀ pupa tiwa, tó jẹ́ irú amọ̀ tí wọ́n ń pè ní kaolinite ló pọ̀ nínú ẹ̀, máa ń lẹ̀ pọ̀ di hóró kéékèèké, omi sì ń gba àárín hóró yẹn kọjá bíi pé yanrìn ni. Fómúlà á rí amọ̀ 45 nínú ọgọ́rùn-ún, á ní omi ò lè kọjá, òrùka irin yín á ní irọ́ ni. Ẹ gba òrùka gbọ́.

Òkúta wẹ́wẹ́ náà ńkọ́. Òkúta kì í mu omi pa mọ́, tí fómúlà bá fún yín ní 0.12 tí ìdajì ìpele yẹn sì jẹ́ òkúta, 0.06 lẹ máa kọ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ SSURGO lẹ ti mú AWC, wọ́n ti yọ òkúta kúrò tẹ́lẹ̀, ẹ má tún un yọ lẹ́ẹ̀kejì.

8. A, B, C, D

Lẹ́tà mẹ́rin yìí ni wọ́n fi ń pín erùpẹ̀ sí ìsọ̀rí bó ṣe ń mumi (hydrologic soil group), A ló ń mumi jù, D ló kéré jù. Lẹ́tà kan ṣoṣo tí erùpẹ̀ bá gbà ló ń pinnu curve number, nọ́ńbà tó ń sọ bí òjò ṣe máa di àgbàrá tó, curve number sì ló ń pinnu àgbàrá. Gbogbo ìyà tá a ti jẹ láti ìgbésẹ̀ kejì, orí lẹ́tà yìí ló ń bọ̀.

Bí NRCS ṣe pín in: tí kò bá sí ohun tó dí omi lọ́nà títí kọjá sẹ̀ǹtímítà 100, tí omi abẹ́ ilẹ̀ náà ò sì ga tó bẹ́ẹ̀, ẹ wo ìpele tó lọ́ra jù láàárín mítà kan yẹn. Tí Ksat ẹ̀, ìyẹn ìyára tí omi fi ń gba inú ẹ̀ kọjá nígbà tó bá ti rin gbingbin, bá ju mìlímítà 36 lọ ní wákàtí, A ni. Láti 14.4 sí 36, B. Láti 1.44 sí 14.4, C. Èyí tí ò tó bẹ́ẹ̀, D. Tí yangí tó dí pa bá wà lókè sẹ̀ǹtímítà 50, D ni tààrà, ì báà jẹ́ yanrìn ló wà lórí ẹ̀. Ti àárín 50 sí 100 ní ìwọ̀n tiẹ̀ tó le jù ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìpele tó lọ́ra jù ni mo sọ, mi ò sọ ti òkè. Mo ti rí ẹni tó wo yanrìn ojú ilẹ̀ tó kọ A fún ilẹ̀ tí amọ̀ líle wà ní sẹ̀ǹtímítà 40 ẹ̀.

Àwọn erùpẹ̀ kan máa ń ní lẹ́tà méjì, bíi A/D. Ó túmọ̀ sí pé yanrìn ni lóòótọ́, àmọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ ga, tí wọ́n bá la gọ́tà sí i kó gbẹ á di A, tí wọn ò bá la nǹkan kan D ni. Àkùrọ̀ wa tí ẹnikẹ́ni ò la gọ́tà sí, ẹ kọ D.

Ṣé lẹ́tà kan tó nǹkan tá à ń pariwo lé lórí? Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Oko àgbàdo tí wọ́n gbìn ní poro tọ́ọ́rọ́, curve number ẹ̀ jẹ́ 78 lórí B, 85 lórí C. Ẹ pín 25400 pẹ̀lú curve number, ẹ yọ 254, ìyẹn ni S, iye omi tí ilẹ̀ lè gbà mọ́ra ní mìlímítà. Ẹ yọ ìdá kan nínú márùn-ún S kúrò lára òjò, ohun tó bá kù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po ara ẹ̀, kẹ́ ẹ wá pín in pẹ̀lú ohun tó kù yẹn àti S pa pọ̀. Fún òjò mìlímítà 80, B á fún yín ní àgbàrá mìlímítà 31.4, C á fún yín ní 43.6. Ìyàtọ̀ bíi mìlímítà 12. Lórí ilẹ̀ tó jẹ́ kìlómítà kan níbùú àti lóròó, mílíọ̀nù 12 lítà nìyẹn, tánkà omi onílítà ẹgbàárùn-ún tó 1,200 ló ń tú u dà lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́tà kan o.

9. Fífi sínú SWAT

Inú usersoil, téèbù tí SWAT ti ń ka erùpẹ̀, lẹ máa kọ ọ́ sí. Ibí ò le, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ló ń pa èèyàn.

SOL_Z jẹ́ láti ojú ilẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìpele, ní mìlímítà, kì í ṣe nínípọn ìpele. Tí ìpele mẹ́ta yín bá nípọn ní 200, 300 àti 500, 200, 500, 1000 lẹ máa kọ. SSURGO ń fi sẹ̀ǹtímítà kọ tiẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Ksat SSURGO jẹ́ máíkírómítà ní ìṣẹ́jú àáyá, ẹ fi 3.6 sọ ọ́ di púpọ̀ kó lè di mìlímítà ní wákàtí. SOL_CBN ń fẹ́ kábọ́ọ̀nù, tó bá jẹ́ organic matter (ọ̀rá ilẹ̀) lẹ ní, ẹ pín in sí 1.72. Ti SoilGrids yàtọ̀ pátápátá: amọ̀ àti yanrìn, ẹ pín in sí mẹ́wàá kó di ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, bdod (bó ṣe kì tó) ẹ pín in sí 100, soc (kábọ́ọ̀nù) náà ẹ pín in sí 100. Ẹni tó bá gbàgbé èyí á rí erùpẹ̀ tó ní amọ̀ 320 nínú ọgọ́rùn-ún.

Orúkọ tó wà lára máàpù àti orúkọ tó wà ní SNAM, àpótí orúkọ erùpẹ̀ nínú usersoil, gbọ́dọ̀ bára mu lẹ́tà fún lẹ́tà. Ẹ má fi àmì ohùn sí i, sọ́fíwià ò gbọ́ Yorùbá.

10. Ibi tí sọ́fíwià ti ń jí àkùrọ̀ gbé

SWAT máa ń kó ilẹ̀ tó ní irú oko kan náà, erùpẹ̀ kan náà àti ìdàgẹ̀rẹ̀ kan náà jọ, ó ń pè é ní HRU. Kí wọ́n má bàa pọ̀ jù, á ní kẹ́ ẹ sọ ìdá tó kéré jù tí òun lè gbà, ìwé ìtọ́sọ́nà ẹ̀ tiẹ̀ dábàá 20 fún oko, 10 fún erùpẹ̀, 20 fún ìdàgẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé ń tẹ 20, 10, 20 láì ronú. Tí àkùrọ̀ bá jẹ́ 8 nínú ọgọ́rùn-ún, ó ti paná ẹ̀ nìyẹn, wọ́n á pín ilẹ̀ ẹ̀ fún àwọn erùpẹ̀ tó kù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbẹ́ ihò, tẹ́ ẹ ti sanwó láàbù, ẹ ò ní mọ̀.

Fún wọ́táṣẹ́ẹ̀dì kékeré irú ti inú Òṣogbo, ẹ fi òdo sí gbogbo ẹ̀, kọ̀ǹpútà òde òní lè gbé e. Tó bá jẹ́ gbogbo odò Ọ̀ṣun láti ilẹ̀ Èkìtì wá lẹ ń ṣe tí HRU sì ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn: ẹ fún àkùrọ̀ ní orúkọ oko tiẹ̀ lórí máàpù ìlò ilẹ̀, ẹ kọ́pì irúgbìn kan kẹ́ ẹ yí orúkọ ẹ̀ padà, kẹ́ ẹ wá fi orúkọ yẹn sínú àwọn oko tí sọ́fíwià ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Torí erùpẹ̀ àkùrọ̀ nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú oko yẹn, òun náà á yè é.

11. Kálíbréṣọ̀n

Kálíbréṣọ̀n ni kéèyàn máa yí nọ́ńbà mọ́dẹ̀lì títí á fi bá odò gidi mu. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ wo HRU kọ̀ọ̀kan bóyá ó ń hùwà bí erùpẹ̀ ẹ̀. Ṣé àkùrọ̀ ń da àgbàrá ju Àpòmù lọ? Tí wọ́n bá jọra, ẹ padà sẹ́yìn, nǹkan kan ti bọ́.

Nínú SWAT-CUP, sọ́fíwià tó ń bá SWAT ṣe kálíbréṣọ̀n, ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà yí nọ́ńbà padà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú r__ máa ń fi ìdá kan kún iye tó wà ńbẹ̀ tàbí kó yọ ọ́ kúrò, v__ máa ń pa iye tó wà ńbẹ̀ rẹ́ á fi tuntun sí i. Tẹ́ ẹ bá lo v__ fún SOL_K (Ksat nínú SWAT) tàbí SOL_AWC láì ya erùpẹ̀ sọ́tọ̀, gbogbo erùpẹ̀ yín á di iye kan náà lójú ẹsẹ̀, Ìwó, Àpòmù, Jago, gbogbo wọn á di ìbejì. Ẹ lo r__, kẹ́ni tó ń yára mumi tẹ́lẹ̀ ṣì máa yára ju ẹnìkejì ẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí r__ náà lọ jìnnà ju ohun tí òrùka irin yín rí lọ, tí kálíbréṣọ̀n bá ń fẹ́ kẹ́ ẹ sọ SOL_K di ìlọ́po márùn-ún kí ìlà odò gidi àti ti mọ́dẹ̀lì tó bára mu, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ dátà òjò ló ń ṣe wèrè.

Ohun kan tún wà tí máàpù 1962 ò lè mọ̀. Òṣogbo ti fẹ̀ gan-an látìgbà tó ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ lọ́dún 1991, òkè tó jẹ́ Ìwó lórí ìwé, interlock àti páànù ló wà lórí ẹ̀ báyìí. Lókè odò lọ́hùn-ún náà, àwọn tó ń wa wúrà ti dojú ilẹ̀ dé, ẹrẹ̀ ẹ̀ la sì ń rí nínú Ọ̀ṣun tó di pupa. Ẹ má yí erùpẹ̀ padà torí ìyẹn, ibi ilé ẹ tọ́jú ẹ̀ nínú lẹ́yà ìlò ilẹ̀, ibi tí wọ́n ti wa wúrà, ẹ dá a sílẹ̀ bí erùpẹ̀ tuntun pẹ̀lú orúkọ tiẹ̀.

Odò mi yẹn, nígbà tí mo tún gbogbo ẹ̀ ṣe báyìí, ó kún dé orí afárá nínú kọ̀ǹpútà náà. Omi gidi ṣì fi díẹ̀ ga ju tèmi lọ. Mo lọ wo ojú kọ́fáàtì, náílọ̀n píọ̀ wọ́tà àti mátírẹ́ẹ̀sì kan ló dí ìdajì ẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú usersoil.